Ta ni ń kọ́ wa bí a ṣe ń wo ogbó? Ẹbí àti ọgbọ́n àtọwọ́dá ní Abẹ́òkúta

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Abẹ́òkúta, láti Ìtòkú títí dé Àdátán, ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé tọ ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà lọ tẹ́lẹ̀ ti ń gba ojú fóònù kọjá. Ìyá ọmọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún lóru, ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń wá oríkì ìdílé rẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ó kọ ìtàn àpáta Olúmọ, gbogbo wọn ti mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà tí yóò dáhùn kíákíá, tí kò ní bá wọn wí, tí kò sì ní ní kí wọ́n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí òun. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AI, ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ó di ohun tí ará ilé lásán ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí a kò tíì sọ tó nípa rẹ̀ ni pé, lẹ́yìn ìdáhùn tí ó ń fún wa, ó tún ń kọ́ wa ní ojú tí a ó fi máa wo àgbà, àti ojú tí àgbà yóò fi máa wo ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà kọ́ ni ó bí àìka àgbà sí. Inú ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí ọmọ ènìyàn ti kó jọ ni ó ti kọ́ ọ, ọwọ́ ọmọ ilé ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí AI ń ṣe sí ìwà wa sí ogbó kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ní Amẹ́ríkà. Inú ilé ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹbí ni ó ń pinnu bóyá àgbà yóò jókòó sídìí fóònù náà pẹ̀lú ọmọ, tàbí wọn yóò máa fi fóònù náà sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí rédíò tó dé, kí ilé-ìwé tó gbilẹ̀, agbo ilé ni ọmọ Ẹ̀gbá ti ń kọ́ ohun tí ogbó jẹ́. Ó ń gbọ́ ọ nínú àdúrà òwúrọ̀, pé kí a dàgbà, kí a dogbó, kí a jẹun ọmọ. Ó ń rí i nínú ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún àti nínú ẹni tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn àgbà bá sì sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, wọn kò fi òwe ṣeré: ọ̀rọ̀ náà ni ètò ìfẹ̀yìntì kan ṣoṣo tí ìyá tí ó ta àdìrẹ ní Ìtòkú láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ní, nítorí kò síṣẹ́ ọba rí, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí ó ń yọ owó pamọ́ fún un lóṣooṣù.

Ọjọ́ orí pàápàá kì í ṣe iye lásán láàárín wa. Ipò ni. Ẹni tí a bí ṣáájú rẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ìbáà jẹ́ oṣù méjì péré ni ó fi jù ọ́ lọ. Àwọn tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ máa ń fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìlú ka ọdún wọn. Ìran tí ó ti lọ ń sọ pé wọ́n bí àwọn ṣáájú Ogun Adúbí tí ó jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918. Nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù lónìí, ẹlòmíràn yóò dárúkọ ogun Hitler, ẹlòmíràn yóò sì ní ìgbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò lórí oyè ni, èyí tí ó jẹ́ ọdún 1949, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde lórí ọ̀rọ̀ owó orí pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti níwájú wọn. Ààrẹ àná, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó ń gbé ní Abẹ́òkúta, ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun gan-an. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ọdún 1937 ni wọ́n ń lò fún un. Ọkùnrin yìí kan náà gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni ní National Open University ní ọdún 2018, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nípa ìṣirò yẹn. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó bá béèrè ọjọ́ ìbí kò mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ni ó fẹ́, nọ́ńbà náà ni yóò sì fi ṣèdájọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ìfẹ́ àṣà bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Agbo ilé tí ó ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn náà ni ó máa ń fura sí opó arúgbó tí ọmọ rẹ̀ kú ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n á sì máa sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àjẹ́ ni. Àwa náà ni a máa ń sọ pé ọjọ́ orí ni nígbà tí ìyá kò bá gbọ́ràn mọ́, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tí orókún kò jẹ́ kí ó sùn. Gbólóhùn kúkúrú yẹn ti ṣe ibi púpọ̀, nítorí pé ó ń fi orúkọ ogbó pa àìsàn tí dókítà lè tọ́jú mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a máa ń ta ilẹ̀ bàbá, a máa ń pinnu ibi tí yóò máa gbé àti oògùn tí yóò máa lò, tí bàbá fúnra rẹ̀ yóò sì jókòó sí pálọ̀, tí a ó máa kí i dáadáa ní ìdọ̀bálẹ̀ láìbéèrè ohun tí ó fẹ́. Pé a kí i kò túmọ̀ sí pé a gbọ́ tirẹ̀. Èyí ni ó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí nìkan. Ní ọdún 2002, Becca Levy ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn 660 tí ó ti pé àádọ́ta ọdún sókè ní ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn tí wọ́n ti bi léèrè láti ọdún 1975 ohun tí wọ́n rò nípa dídàgbà tiwọn. Àwọn tí èrò wọn nípa ogbó dára fi ọdún méje àti ààbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn kò dára lọ, lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí ti wo ọjọ́ orí, ìlera àti ipò owó wọn mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá gbà pé ogbó kò ní ohun rere kankan nínú lè má rí ìdí tí òun yóò fi máa rìn, tí òun yóò fi máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí òun yóò fi lọ rí dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sì sọ nínú ìròyìn tí ó gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2021 pé ènìyàn kan nínú méjì ní àgbáyé ni ó ní èrò tí kò dára sí àwọn àgbàlagbà nítorí ọjọ́ orí wọn. Bí a bá ń sọ fún ìyá lójoojúmọ́ pé ọjọ́ orí ni, ara rẹ̀ yóò gbà á gbọ́.

Àwọn ẹ̀rọ tí ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń fèsì ń ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tí a ti kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa kọ́ irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé irú ọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ arúgbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àìsàn, ìnira, ìgbàgbé àti ìpara tí ń yọ ojú híhunjọ, ibẹ̀ náà ni wọn yóò máa darí gbólóhùn tiwọn sí. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yẹ ẹ̀rọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wò, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ènìyàn dùn tàbí ó korò. Wọ́n rí i pé bí gbólóhùn méjì bá tilẹ̀ ń sọ ohun kan náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ nínú fi ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tí ó ní ọ̀rọ̀ arúgbó lọ láti gba àmì pé ó dára. Kò sí ẹni tí ó jókòó pinnu pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kọ ni ó ń dá padà fún wa.

Ti obìnrin tún burú sí i. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní ọdún 2025 fi hàn pé àwòrán àti fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi obìnrin hàn bí ẹni tí ó kéré lọ́jọ́ orí sí ọkùnrin nínú iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n sì ní kí ChatGPT kọ ìwé ìtàn iṣẹ́, CV, fún àwọn tí ń wáṣẹ́, kí ó sì fún wọn ní àmì, ó sọ àwọn obìnrin di ọmọdé tí ìrírí wọn kò tó nǹkan, ó sì fún àwọn ọkùnrin àgbà ní àmì tí ó ga. Mo rò ó wò pẹ̀lú ìlú wa yìí, níbi tí ìyá tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aró kalẹ̀, tí ó mọ ìgbà tí ẹ̀lú jiná, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọge ní Kémta, ti sábà máa ń dàgbà ju gbogbo àwọn tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ní kí ẹ̀rọ ya àwòrán ọ̀gá aládìrẹ fún ìpolówó ọjà, tí ẹ̀rọ sì ya ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ara rẹ̀ ń dán, tí wọ́n sì lò ó, a ti yọ ìyá náà kúrò nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí. Ẹ̀rọ kan wà tí ó kọ́ ìwà ìyapa láti inú ọ̀rọ̀ wa, òmíràn sì wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìyapa sínú rẹ̀. Ní ọdún 2023, iléeṣẹ́ iTutorGroup gbà láti san 365,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé wọ́n ṣètò ẹ̀rọ ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ kí ó máa lé obìnrin tí ó ti pé ọdún 55 àti ọkùnrin tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún dànù. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju igba lọ. Àwa náà mọ irú èyí láìsí ẹ̀rọ rárá, nítorí pé ìpolówó iṣẹ́ ní Nàìjíríà ti ń kọ ọ́ sójú páálí láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ẹni tí ó bá ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ má ṣe wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń dín ọjọ́ orí wọn kù. Bí a bá wá kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ kí ó fi kọ́ bí a ṣe ń yan òṣìṣẹ́, kí ni a rò pé yóò kọ́?

Abẹ́òkúta ní ìdí tirẹ̀ láti ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí ó sún mọ́ Èkó ni, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí lókè òkun. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ ní ìlú wa ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ti mú kí ìrìn àjò náà rọrùn, síbẹ̀ ọmọ tí ó lè máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò pọ̀. Fóònù ni ó dípò ìbẹ̀wò. Nínú WhatsApp ìdílé ni wọ́n ti ń béèrè àlàáfíà màmá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi owó oògùn ránṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni fídíò irọ́ tí wọ́n fi AI ṣe ti ń wọlé, nínú èyí tí ojú àti ohùn dókítà tí a mọ̀ yóò máa polówó àgbo tí ó ní òun ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìyá gba fídíò náà gbọ́, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, àwọn ọmọ sì bínú. Ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e ni ó ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá ní, "Màmá, ẹ má fọwọ́ kan fóònù yẹn mọ́," wọ́n ti kọ́ ọ pé orí rẹ̀ kò pé mọ́. Bí wọ́n bá ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí a jọ wò ó bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń lọ àti bí ohùn rẹ̀ kò ṣe bá a mu," wọ́n ti jẹ́ kí ó di ẹni tí yóò lè kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohùn jíjí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ni àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, FTC, kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń fi AI ṣe ohùn ọmọ ẹni, tí wọ́n á sì pe òbí pé ọmọ rẹ̀ wà nínú wàhálà, kí ó fi owó ránṣẹ́. Ohùn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti inú fídíò tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé síta ti tó fún irú iṣẹ́ ibi bẹ́ẹ̀. Àwọn olùdámọ̀ràn ní Amẹ́ríkà ń sọ fún ìdílé kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí wọn yóò máa bi ara wọn. Ilé Yorùbá ti ní tirẹ̀ tipẹ́: ìyá lè ní kí ẹni tí ó ń sunkún lórí fóònù sọ oríkì tí òun fi ń pè é ní kékeré, tàbí oríkì bàbá rẹ̀, bí a kò bá ṣá ti gbé e sórí Facebook. Ó dára kí ọ̀rọ̀ yìí ti ẹnu àgbà jáde sí ọmọ, kí ó má jẹ́ pé ọmọ ni yóò máa kọ́ àgbà ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tún yàtọ̀. Láti ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ti àtijọ́, PTAD, ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n pè ní I Am Alive, tí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lè fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jẹ́rìí láti ilé pé àwọn ṣì wà láàyè, dípò kí wọ́n rin ìrìn àjò lọ tò lórí ìlà. Oore ńlá ni fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Síbẹ̀, ọmọ ilé ni yóò sábà di fóònù náà mú, ọmọ ilé náà ni yóò sì mọ nọ́ńbà àṣírí. Àgbà tí ó fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ ọba wá rí i pé òun kò lè fi hàn pé òun wà láàyè bí ọmọ kò bá sí nílé. Fún àwọn tí ọwọ́ wọn ti fi iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ aró gbó, ìlà ìka wọn ti pa débi pé ẹ̀rọ tí ń fi ìka dá ènìyàn mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kà á mọ́. Ẹ̀rọ ni kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ara àgbà ni a máa ń dá lẹ́bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹbí àti ẹ̀rọ ti wọ ara wọn jù ni ìgbàgbé. Ọmọbìnrin kan ní Èkó ṣàkíyèsí pé ìyá òun ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. Àwọn ará ilé ní ó ti ń ṣarán. Ó bi AI léèrè, AI sì to orúkọ àìsàn sílẹ̀, ó mẹ́nu ba ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó àti ètò adójútòfò tí kò sí ní Nàìjíríà. Ìdáhùn ti ẹ̀rọ dẹ́rù bà á, ti ará ilé sì ní kí ó jókòó jẹ́ẹ́. Kò sí èyí tí ó bi ìyá fúnra rẹ̀ léèrè. Ẹ wo bí àwọn olùwádìí wa ṣe ṣe é ní Ìbàdàn. Ní àdúgbò Ìdíkàn, níbi tí wọ́n ti fi àwọn àgbà Yorùbá wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n bá àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n sì bá ìbátan rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n tó pinnu ohunkóhun. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àrùn Alzheimer ń mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé àgbà ni àrùn yẹn. Ibà, oògùn tí kò bá ara mu, ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ, etí tí kò gbọ́ ìdáhùn àkọ́kọ́, gbogbo wọn lè jọ ọ́, wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Abẹ́òkúta gan-an ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ lórí èyí. Ní ọdún 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró tí àwọn aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí ìbátan wọn kan sì ń bá wọn gbé ibẹ̀, tí ó ń se oúnjẹ fún wọn, tí ó ń bá wọn rí dókítà. Ọ̀nà yìí di ohun tí àgbáyé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, Lámbò sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà. Ilé ìwòsàn Àró ṣì wà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH ní ẹ̀ka tí ó wà fún àwọn àgbàlagbà nìkan láti ọdún 2012. Ọmọ tí ó bá bi ẹ̀rọ léèrè, kí ó kọ ìlú tí ìyá rẹ̀ ń gbé mọ́ ìbéèrè náà, kí ó ka ìdáhùn rẹ̀ sí ìyá létí, kí ó sì kọ èsì ìyá sílẹ̀ kí wọ́n jọ gbé e lọ bá dókítà. Lílo ẹ̀rọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò bu àgbà kù.

Ní ìpínlẹ̀ New York, ìjọba ti ń pín ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ ElliQ fún àwọn àgbà tí ń dá gbé láti ọdún 2022, kí ó máa bá wọn tàkúrọ̀sọ, kí ó sì máa rán wọn létí oògùn. Èmi kò lòdì sí i fún ẹni tí kò ní ẹnìkan. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí ọmọ tí ó ní ìyá ní Lafẹ́ńwá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ra ara rẹ̀ padà kúrò nínú ìpè ọjọ́ Àìkú.

WHO dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ó ń dín ojú burúkú tí a fi ń wo ogbó kù: òfin, ẹ̀kọ́, àti kí ọmọdé àti àgbà jọ máa ṣe nǹkan pọ̀. Ní ti òfin, Nàìjíríà ní òfin ọdún 2017 tí ó dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀. Ìyókù wà lọ́wọ́ ilé àti ilé-ìwé, AI sì lè wúlò níbẹ̀. Àwọn àkójọ ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ ní Yorùbá ń gbára lé ẹni tí ó bá yọ̀ǹda ohùn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bíi ti Common Voice tí Mozilla dá sílẹ̀, ọ̀dọ́ ni ó sì sábà máa ń rí àyè ìyẹn. Ẹ̀rọ tí kò bá gbọ́ ohùn ẹni ọgọ́rin ọdún tí ń sọ Ẹ̀gbá kò ní gbọ́ ọ dáadáa nígbà tí ó bá nílò ìrànlọ́wọ́. Nígbà ìsinmi gígùn, ọmọ ilé-ìwé lè jókòó ti ìyá àgbà, kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe ń ṣàlàyé aró pípa tàbí ìtàn agbo ilé, kí ẹ̀rọ bá a kọ ọ́ jáde, kí àwọn méjèèjì sì jọ tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, nítorí àṣìṣe yóò pọ̀, ìyá ni yóò sì mọ̀ ọ́n.

Ohùn náà jẹ́ ti ìyá. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kò yọ arúgbó sílẹ̀. Kí wọ́n tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ síbikíbi, kí wọ́n ṣàlàyé fún un ní èdè tí ó gbọ́ ẹni tí yóò lò ó àti ohun tí wọn yóò fi ṣe, kí wọ́n sì dúró gbọ́ bóyá ó gbà. Bí ó bá sì ní kí wọ́n yọ ibì kan kúrò, kí wọ́n yọ ọ́ níṣojú rẹ̀.